Update ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà àti bí wọ́n ṣe ń yanjú ẹ̀ tó bá dẹnukọlẹ̀

Update ètò ìṣiṣẹ́ ni àtúnṣe tí àwọn tó ṣe Windows, macOS tàbí Linux máa ń fi ránṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà tó ti wà lọ́wọ́ èèyàn, bóyá láti dí ihò táwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì lè gbà wọlé, bóyá láti tún ibi tó ń ṣe ségesège ṣe, tàbí láti fi nǹkan tuntun kún un. Ètò ìṣiṣẹ́ yìí ló wà láàárín irin inú kọ̀ǹpútà àtàwọn app téèyàn ń lò, òun ló ń pín memory fún wọn, òun ló ń bá disk, kíbọ́ọ̀dù àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀, torí náà tí nǹkan kékeré bá yí nínú ẹ̀, ibi tó máa ti hàn lè jìnnà síbi tí wọ́n ti fọwọ́ kàn. Ìdí nìyẹn tí update fi wà lára ohun tó ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà jù, tó tún wá jẹ́ pé òun náà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń nàka sí tí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ tí ò tàn.

Bí update ṣe ń wá

Ti Windows ní ọjọ́ tiẹ̀. Látoṣù kẹwàá ọdún 2003 ni Microsoft ti fi í sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù. Kó tó dìgbà yẹn, ìgbàkígbà tí àtúnṣe bá ti jinná ni wọ́n ń gbé e jáde, àwọn tó ń bójú tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún kọ̀ǹpútà níléeṣẹ́ ò sì mọ ọjọ́ tí wọ́n máa fi múra sílẹ̀. Tọ́rọ̀ bá le gan-an ṣá, wọn kì í dúró dọjọ́ Ìṣẹ́gun. Update olóṣooṣù yìí máa ń kó gbogbo ti àtẹ̀yìnwá sínú ara ẹ̀, torí náà kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti pa tì fún oṣù mẹ́fà ò nílò mẹ́fà, èyí tó kẹ́yìn nìkan ló máa gbà. Ó yàtọ̀ sí update ńlá tó ń yí version padà, èyí tó ń jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́dún fún Windows 11, òun ló wúwo, òun ló sì máa ń pẹ́ jù.

Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni driver (kì í ṣe awakọ̀ o, sọ́fíwíà tó ń kọ́ ètò ìṣiṣẹ́ bó ṣe máa lo káàdì Wi-Fi, káàdì àwòrán tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni) àti firmware, ìyẹn sọ́fíwíà tó wà nínú motherboard (pátákó ńlá tí gbogbo irin inú kọ̀ǹpútà so mọ́) fúnra ẹ̀. Firmware ò fàyè gba eré rárá: tí iná bá lọ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́ lọ́wọ́, motherboard yẹn lè má tàn mọ́.

Ọdọọdún ni version tuntun macOS máa ń jáde, àwọn kéékèèké á wá máa tẹ̀ lé e láàárín ọdún, inú System Settings ni wọ́n ti ń gbà á.

Linux ló yàtọ̀ jù. Àṣẹ kan ṣoṣo ló ń ṣe update ètò ìṣiṣẹ́ àti àwọn app pọ̀: apt lórí Debian àti Ubuntu, dnf lórí Fedora, pacman lórí Arch, oríṣi Linux ni gbogbo wọn. Ubuntu tó ní àmì LTS (èyí tí wọ́n máa ń tún ṣe pẹ́) máa ń jáde lóṣù kẹrin ní ọdún méjì méjì, ọdún márùn-ún ni wọ́n sì fi ń tún un ṣe. Fedora ò ní irú sùúrù yẹn, bí oṣù mẹ́tàlá ni tiẹ̀. Arch ní tiẹ̀ ò ní version kankan, bí update bá ṣe ń jáde náà ló ń wọlé, èyí dáa fún ẹni tó fẹ́ràn nǹkan tuntun tó sì lákòókò láti ka ìkéde kó tó tẹ bọ́tìnnì.

Kí wọ́n tètè ṣe é àbí kí wọ́n dúró

Ọ̀rọ̀ yìí ní ẹ̀gbẹ́ méjì, ìtàn sì wà fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ní 14 oṣù kẹta ọdún 2017, Microsoft gbé àtúnṣe kan jáde tó dí ihò kan nínú ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà Windows ń gbà pín fáìlì láàárín ara wọn. Nígbà tó di 12 oṣù karùn-ún ọdún yẹn, ìyẹn bí oṣù méjì lẹ́yìn ẹ̀, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba ihò yẹn wọlé, ó ń ti fáìlì àwọn èèyàn pa, ó ń béèrè owó Bitcoin kó tó ṣí i, ó sì dé orílẹ̀-èdè tó tó 150. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní England ni ò lè gba aláìsàn wọlé bó ṣe yẹ. Windows 7 ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kó o, bẹ́ẹ̀ àtúnṣe ti wà nílẹ̀ fún Windows 7 látìgbà náà, wọn ò kàn fi í síbẹ̀ ni.

Ẹ̀gbẹ́ kejì nìyí: update ńlá Windows 10 tó jáde ní 2 oṣù kẹwàá ọdún 2018 ń pa fáìlì àwọn kan rẹ́ nínú fódà Documents àti Pictures, ni Microsoft bá yára fà á sẹ́yìn, 13 oṣù kọkànlá ló tó padà jáde. Ìtàn CrowdStrike ti 19 oṣù keje ọdún 2024 kì í ṣe update Windows fúnra ẹ̀, sọ́fíwíà ààbò tí àwọn iléeṣẹ́ ń lò ló gba fáìlì tó ní àléébù, àmọ́ inú kernel, ìyẹn ọkàn ètò ìṣiṣẹ́, ló ti ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ló fi gbé nǹkan bíi mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà Windows dákú. Ohun tó wo ọ̀pọ̀ wọn sàn ò ju pé kí wọ́n wọ Safe Mode (ọ̀nà tí Windows fi ń tàn pẹ̀lú ìwọ̀nba nǹkan) kí wọ́n pa fáìlì kan rẹ́. Ibi tó ti wá le ni pé wọ́n ní láti dé ìdí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, àwọn tí BitLocker sì ti disk wọn pa ní láti kọ́kọ́ wá kọ́kọ́rọ́ onínọ́mbà 48 tó ń ṣí i.

Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń ṣe ni pé wọn kì í fi ti ààbò falẹ̀ rárá, wọ́n á gbà á láàárín ọjọ́ díẹ̀, àmọ́ èyí tó ń yí version padà, wọ́n lè jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan káwọn ẹlòmíì kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Windows 10 àti 11 gbà kéèyàn dá update dúró fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, lẹ́yìn ìyẹn ó di dandan. Active hours ni wọ́n fi ń sọ fún un pé kó má restart lásìkò iṣẹ́, tó bá sì jẹ́ dáta fóònù ni kọ̀ǹpútà ń lò, téèyàn bá sàmì sí i pé metered connection ni (ìyẹn íntánẹ́ẹ̀tì tó níye), ọ̀pọ̀ update ò ní dá wọlé fúnra ẹ̀.

Kó tó bẹ̀rẹ̀

Nǹkan mẹ́rin ló ń ba update jẹ́ jù, kò sì sí èyí tó jinlẹ̀ níbẹ̀: àyè tí ò tó lórí disk, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń já, iná tó lọ, àti driver tó ti gbó. Update tó ń yí version padà lè nílò ọ̀pọ̀lọpọ̀ gígábáìtì torí ó máa ń gbé Windows àtijọ́ pa mọ́ sínú fódà Windows.old, ọjọ́ mẹ́wàá péré ló sì máa fi wà níbẹ̀ kó tó pa á rẹ́, láàárín ọjọ́ mẹ́wàá yẹn nìkan ni wọ́n lè tẹ Go back kí gbogbo ẹ̀ padà sí bó ṣe wà. Láptọ́ọ̀pù gbọ́dọ̀ wà lórí iná, kì í ṣe bátìrì nìkan. Àdàkọ fáìlì sì gbọ́dọ̀ wà níbòmíì, lórí disk àfikún tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mac ní Time Machine fún èyí látọdún 2007. Ti Windows tí wọ́n ń pè ní restore point kì í ṣe àdàkọ fáìlì o, ètò ìṣiṣẹ́, driver, app àti registry (ibi tí Windows ń kọ àwọn ètò ẹ̀ sí) ló ń dá padà, ọ̀pọ̀ ló ń ṣì í lò, wọ́n á rò pé fọ́tò àwọn wà nínú ẹ̀.

Tí update bá kọ̀ tí ò wọlé

Restart ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ, àwọn èèyàn sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ ìdí wà fún un. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara ẹ̀: fáìlì tí Windows ń lò lọ́wọ́ ò ṣeé pààrọ̀ nígbà tó ṣì ń lò ó, ó dìgbà tó bá ń pa tàbí tó ń tàn kó tó rọ́nà gbé tuntun sípò ẹ̀. Ẹni tó kàn ń dé láptọ́ọ̀pù ẹ̀ pa fún oṣù kan láìpa á rárá, update lè ti tò síbẹ̀ tó ń dúró.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kóòdù àṣìṣe. Ó dà bí àfọ̀ṣẹ àmọ́ ó ṣeé kà. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0x8007, nọ́mbà tó gbẹ̀yìn ẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀: 0x80070070 ni pé disk ti kún, 0x80070005 ni pé wọn ò fún un láàyè láti fọwọ́ kan nǹkan, 0x80070002 ni pé ó wá fáìlì kan tì. Àwọn míì wà tó jẹ́ pé ẹ̀bi ẹni tó ni kọ̀ǹpútà kọ́, bí 0x80070643 tó yọ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn lóṣù kìíní ọdún 2024, partition àtúnṣe Windows (apá disk tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àtúnṣe) ló kéré jù fún update yẹn, ẹni tí ò mọ̀ lè fi odidi ọjọ́ kan máa tún ohun tí ò bàjẹ́ ṣe.

Ohun kan tí wọn kì í ronú kàn ni aago. Kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́, bátìrì pẹlẹbẹ tó wà lórí motherboard ẹ̀ lè ti kú, tí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò lórí iná, déètì á sá padà sẹ́yìn, ìwé ẹ̀rí ààbò tí update máa ń fi dára ẹ̀ mọ̀ á wá dà bí èyí tí àsìkò ẹ̀ ò tíì tó, gbogbo ẹ̀ á kọ̀. Kí wọ́n tún déètì ṣe ló tán.

Tí kò bá sí nínú ìwọ̀nyí, ó lè jẹ́ pé èyí tó ti wọlé tẹ́lẹ̀ ló já sáàárín. Wọ́n á dá iṣẹ́ Windows Update àti BITS (èyí tó ń gba fáìlì update wọlé) dúró, wọ́n á yí orúkọ fódà SoftwareDistribution tó wà nínú fódà Windows padà, wọ́n á tún tan àwọn iṣẹ́ náà, Windows á ṣe fódà tuntun, á sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé fáìlì Windows fúnra ẹ̀ ló bàjẹ́, àṣẹ méjì ni wọ́n ń tẹ̀ nínú Command Prompt (ojú tí wọ́n ti ń kọ àṣẹ fún Windows) tí wọ́n fi agbára administrator ṣí: DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà sfc /scannow. Bí wọ́n ṣe tò ó yẹn nídìí, torí inú ibi ìpamọ́ tí DISM ń tún ṣe ni sfc ti ń mú fáìlì tó dáa jáde, tí ibi ìpamọ́ bá bàjẹ́ kí ni sfc fẹ́ mú.

Lórí Ubuntu àti Debian, tí update bá já sáàárín, sudo dpkg --configure -a ló ń parí ẹ̀, sudo apt --fix-broken install á wá tún ohun tó kù ṣe.

Tí kọ̀ǹpútà ò bá tàn mọ́ lẹ́yìn update

Sùúrù lákọ̀ọ́kọ́. Kọ̀ǹpútà tó ń lo disk oníyíyí lè dúró sórí nọ́mbà kan fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí iná disk bá ṣì ń ṣẹ́jú, iṣẹ́ ló ń ṣe, ẹni tó bá fipá pa á níbẹ̀ ló dá wàhálà tí ò sí tẹ́lẹ̀ sílẹ̀.

Tó bá wá hàn pé ó ti kú sójú kan lóòótọ́, Windows tó bá gbìyànjú léraléra tí ò wọlé máa ń gbé ojú àtúnṣe jáde fúnra ẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti lè yọ update tó wọlé kẹ́yìn, níbẹ̀ ni System Restore àti Safe Mode wà. Safe Mode ń tan kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ìwọ̀nba driver tí ò ṣeé máà ní, tó bá ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀, driver tàbí app kan ló lẹ́jọ́, Device Manager sì ní bọ́tìnnì tó ń dá driver padà sí ti tẹ́lẹ̀. Tí gbogbo ẹ̀ bá kọ̀, Reset this PC wà, ó lè fi fáìlì sílẹ̀ àmọ́ gbogbo app téèyàn fi síbẹ̀ ló máa kó lọ.

Mac tó ní chip Apple, wọ́n á pa á, wọ́n á wá tẹ bọ́tìnnì páwà mọ́lẹ̀ títí ojú àṣàyàn á fi jáde, èyí tó ní chip Intel ń lo Command àti R. Téèyàn bá tún macOS fi síbẹ̀ láti ojú yìí láì nu disk, fáìlì ẹ̀ ò ní lọ. Ti Linux ló rọrùn jù lójú mi: kernel àtijọ́ ṣì máa ń wà níbẹ̀, inú GRUB, ojú àṣàyàn tó ń jáde nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tàn, ni wọ́n ti ń yàn án, kọ̀ǹpútà á tàn bíi tàná, wọ́n á wá fara balẹ̀ wo ohun tó ṣe tuntun, ó sì sábà máa ń jẹ́ driver káàdì àwòrán.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni update lẹ́jọ́. Update máa ń kọ nǹkan púpọ̀ sórí disk lẹ́ẹ̀kan náà, disk tó ti ń kú bọ̀ á wá fi ara ẹ̀ hàn lọ́jọ́ yẹn gan-an, wọ́n á ní update ló pa á. Reliability Monitor inú Windows ń to ìṣẹ̀lẹ̀ lọ́jọ́ọjọ́ pẹ̀lú àmì pupa, tí àmì pupa bá ti ń hàn lọ́sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú update, ibòmíì ni kí wọ́n wò: ìlera disk nínú SMART (ohun tí disk fi ń ròyìn ara ẹ̀), tàbí memory pẹ̀lú Windows Memory Diagnostic. Nǹkan kan ṣoṣo sì ni kí wọ́n yí lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó dán an wò, ẹni tó yí mẹ́rin pọ̀ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Nígbà tí update bá dáwọ́ dúró pátápátá

Gbogbo version ló ní ọjọ́ tí wọ́n máa pa á tì. Windows XP parí ní 8 oṣù kẹrin ọdún 2014, Windows 7 ní 14 oṣù kìíní ọdún 2020, Windows 10 ní 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Kọ̀ǹpútà náà ò ní kú lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ ihò tuntun tí wọ́n bá rí nínú ẹ̀ ò ní í dí mọ́. Ti Windows 10 le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ torí Windows 11 ń béèrè TPM 2.0 (chip ààbò), Secure Boot (ètò tó ń dènà sọ́fíwíà àjèjì nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tàn), memory gígábáìtì 4, disk gígábáìtì 64 àti processor tó wà nínú àkọsílẹ̀ Microsoft, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni ò sì ní in. Microsoft fún àwọn tó ń lò ó nílé ní ọdún kan sí i fún àtúnṣe ààbò, àmọ́ wọ́n ní láti forúkọ sílẹ̀ fún un. Àwọn míì ń gbé Linux sórí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, ó sì ṣeé dán wò láti orí fláàṣì láì fọwọ́ kan ohunkóhun tó wà lórí disk, Wi-Fi, ohùn àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò níbẹ̀.