Tọkọtaya Tó Ń Lọ Lọ́ńdọ̀nù Lóṣù Kejìlá, Ẹ Kọ́kọ́ Wo Kàlẹ́ńdà

Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti ń palẹ̀ mọ́, ìbéèrè kan náà ni àwọn tọkọtaya ń gbé wá bá àwa tí a ń ṣètò ìrìnàjò: irú jákẹ́ẹ̀tì wo làwọn lè wọ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ á bára mu, ibo ni fọ́tò ti ń dùn ún wò jù, ṣé yìnyín á bọ́. Bí a bá ní kí wọ́n ka ọjọ́ ìrìn wọn fún wa, wọ́n á ní àwọn ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ná, pé àárọ̀ ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá làwọn ń gúnlẹ̀, kí àwọn lè ṣọdún Kérésì ní Lọ́ńdọ̀nù gan-an. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń gba páásípọ́ọ̀tù tàbí bí a ṣe ń wá tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń gbèrò Lọ́ńdọ̀nù ti kọjá ibẹ̀. Ọjọ́ ni mo fẹ́ sọ, torí ọjọ́ ló ń bí gbogbo ìyókù: iye owó ọkọ̀, ìgbà tí ẹ ó kọ̀wé físà, ibi tí ẹ ó sùn, ohun tí ẹ ó rí àti ibi tí ẹ ó bá ní títì.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí èrò ṣe ń wọ́. Láti nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá títí Kérésì á fi kù fẹ́ẹ́fẹ́, àwọn èèyàn wa tó ń gbé ìlú Ọba ló ń rọ́ bọ̀ wálé. Ọkọ̀ òfurufú tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ ní Èkó á kún dẹ́nu, owó rẹ̀ á gun òkè. Bí ọdún tuntun bá ti wọlé, wọ́n á tún rọ́ padà, Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù ló tún kàn láti kún. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti Èkó tàbí Ìbàdàn lọ, òdìkejì ìrìn wọn ni kí ẹ máa rìn. Ẹni tó lọ láàárín ọjọ́ 18 sí 21 oṣù Kejìlá, tó padà wálé láàárín ọjọ́ 3 sí 6 oṣù Kìíní, kò bá èrò pàdé ní àlọ, kò bá wọn pàdé ní àbọ̀. Ẹni tó lọ lọ́jọ́ 5 tó ń bọ̀ lọ́jọ́ 17, àbọ̀ rẹ̀ ti bọ́ sáàárín èrò, owó àbọ̀ yẹn nìkan lè gba ohun tó yẹ kó fi sùn sí òtẹ́ẹ̀lì fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ọ̀nà kejì wà, òun sì ni mo fẹ́ràn jù fún tọkọtaya tí kò dé ibẹ̀ rí. Ẹ lọ ní nǹkan bí ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá, kí ẹ padà kó tó di ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá. Iná ọdún ti tàn ní Oxford Street àti Regent Street nígbà náà, ọjà Kérésì ti ṣí ní Hyde Park, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kò tíì ti ilẹ̀kùn, ọkọ̀ ń rìn.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí gan-an ni wọn kì í fẹ́ gbọ́. Lọ́jọ́ 25 oṣù Kejìlá, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ kì í rìn ní Lọ́ńdọ̀nù. Bọ́ọ̀sì pupa kì í rìn. Ọkọ̀ ojú irin orí ilẹ̀ náà kì í rìn. Ẹ má rò pé díndín ni wọ́n dín in kù o, kì í sí rárá. Láti alẹ́ ọjọ́ 24 ni wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́, bí ilẹ̀ ọjọ́ 26 bá sì mọ́, díẹ̀ ló ń padà sẹ́nu iṣẹ́. Heathrow, pápákọ̀ òfurufú tí ẹ ó gúnlẹ̀ sí, jìnnà sí àárín ìlú tó nǹkan bíi kìlómítà 24. Tọkọtaya tó bá gúnlẹ̀ láàárọ̀ Kérésì pẹ̀lú àpótí mẹ́rin, takisí tó ń gba owó àfikún ọdún ló kù fún wọn, tàbí bọ́ọ̀sì ọlọ́nà jíjìn tó yẹ kí wọ́n ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá dé òtẹ́ẹ̀lì, wọn kì í sábà rí yàrá wọ̀ kó tó di aago méjì tàbí mẹ́ta ọ̀sán. Ebi á ti máa pa wọ́n. Òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 2004 sì ní ṣọ́ọ̀bù tó bá fẹ̀ ju mítà onígun mẹ́rin 280 lọ kò gbọdọ̀ ṣí lọ́jọ́ Kérésì, nítorí náà ilé ìtajà ńlá kankan ò sí tí wọ́n lè sá wọ̀. Ilé oúnjẹ tó bá ṣí, àwọn tó ti gba àyè sílẹ̀ láti oṣù Kọkànlá ló jókòó síbẹ̀.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ṣeé ṣe, ó sì dùn. Ẹ gúnlẹ̀ ó pẹ́ tán lọ́jọ́ 22. Ẹ gba òtẹ́ẹ̀lì tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé etí odò Thames: Westminster, Waterloo, Southwark. Òtẹ́ẹ̀lì Croydon tàbí Ilford, tó jìnnà sí àárín ìlú, tí owó rẹ̀ dín díẹ̀, àhámọ́ ni lọ́jọ́ yẹn. Ẹ sanwó oúnjẹ ọ̀sán Kérésì kí oṣù Kọkànlá tó parí. Kí ọ̀sán ọjọ́ 24 tó pọ́n, ẹ ra búrẹ́dì, èso, omi àti ohun tí a lè jẹ láìsè sínú yàrá. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ rìn láti afárá Westminster, ẹ tẹ̀lé etí odò títí dé afárá Tower. Ẹ kò ní rí Lọ́ńdọ̀nù kó pa rọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn nínú ọdún. Ìsìn Kérésì ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá St Paul's kò gba owó ìwọlé. Bí ẹ bá ní ẹbí ní Peckham tàbí Thamesmead, ọjọ́ 24 ni kí ẹ ti lọ bá wọn, kí ẹ sun ibẹ̀ títí di ọjọ́ 26. Ẹ má sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé ẹ ó yà lọ́sàn-án Kérésì, kí ẹ̀gbọ́n má baà se ìrẹsì de ẹni tí kò ní rí ọkọ̀ wọ̀.

Lẹ́yìn ọkọ̀, ìmọ́lẹ̀ ló tún kàn. Ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, aago mẹ́jọ àárọ̀ á kọjá kí oòrùn tó yọ, yóò sì ti wọ̀ kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ojúmọmọ kò tó wákàtí mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ Èkó ń rí ju mọ́kànlá àbọ̀ lọ lọ́jọ́ kan náà. Tọkọtaya tó sùn di aago mẹ́wàá, tó wẹ̀, tó ṣe ojú, tó jẹun di aago méjìlá, wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ ló kù fún wọn láti fi rí ìlú. Ohun ìta, láàárín aago mẹ́sàn-án sí mẹ́ta àbọ̀ ni kí ẹ fi wọ́n sí. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú ni kí ẹ lọ wo iná ìgboro, eré orí ìtàgé àti ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. British Museum, National Gallery àti Natural History Museum kì í gba owó ìwọlé, ṣùgbọ́n wọ́n ń tì láti ọjọ́ 24 sí 26. British Museum máa ń pẹ́ kó tó tì lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Orí idẹ Ifẹ̀ kan wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n hú ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938. Ẹ ya wákàtí kan sọ́tọ̀ fún un.

Aṣọ wá ńkọ́? Òtútù Lọ́ńdọ̀nù lóṣù Kejìlá kì í sábà kọjá ìwọ̀n sẹ́líṣíọ́ọ̀sì 3 sí 9, yìnyín kì í sì í wọ́pọ̀. Òjò wínníwínní àti afẹ́fẹ́ ló ń fìyà jẹ èèyàn. Jákẹ́ẹ̀tì ńlá kan ṣoṣo lórí síńgílẹ́ẹ̀tì kò lè bá a jà. Ìpele mẹ́ta ni. Èyí tó kan ara, kó fún mọ́ra, kó jẹ́ wúùlù tàbí pọ́lísítà. Kó má jẹ́ òwú, torí òwú ń fa òógùn mu, òógùn náà á sì tutù mọ́ yín lára. Èkejì, súẹ́tà wúùlù. Ẹ̀kẹta, jákẹ́ẹ̀tì tí afẹ́fẹ́ àti omi kò lè gbà kọjá, tó ní ìbòrí, tó gùn kọjá ìdí. Ooru ń mú nínú ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, ẹ ó máa bọ́ ọ ni, ẹ ó tún máa wọ̀ ọ́. Òkìríkà tó dáa tó bẹ́ẹ̀ wà lọ́jà, ẹ má náwó ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fa síìpù rẹ̀ lọ sókè sódò lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ fọwọ́ tẹ inú rẹ̀ bóyá ó ti di kókó-kókó, ẹ sì wọ̀ ọ́ wò lórí súẹ́tà, kì í ṣe lórí àńkárá. Bàtà, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà tó lẹ́yín, kó sì fẹ̀ díẹ̀, nítorí ìbọ̀sẹ̀ nínípọn nínú bàtà tó há ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà, ẹsẹ̀ á wá máa tutù.

Ẹni tó bá ní kí ẹ mu ọtí líle kí ara lè móoru ń tàn yín. Ọtí ń ṣí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lábẹ́ awọ, ooru inú ara á máa sá jáde, ẹ ó máa rò pé ara yín ń gbóná nígbà tó ń tutù lọ. Òrí ni kí ẹ gbé dání. Ẹ fi pa ara kí omi ìwẹ̀ tó gbẹ tán, nítorí ẹ̀rọ amúlégbóná òtẹ́ẹ̀lì ń mú awọ gbẹ.

Bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù kò gba owó lọ́wọ́ mọ́ láti ọdún 2014. Kí oníkálukú ní káàdì tirẹ̀, káàdì kan kò lè sanwó fún ẹni méjì. Owó orí ọjà tí wọ́n ń dá padà fún àlejò ní pápákọ̀ òfurufú ti dópin ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, ẹ má fi ṣírò owó ọjà yín.

Físà wá kù. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ ìrìn ni ẹ lè tètè kọ̀wé jù. Ẹni tó ń lọ lọ́jọ́ 20 oṣù Kejìlá, kó ṣe é láti ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án, kó má dúró de oṣù Kọkànlá, nítorí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìdáhùn ń gbà lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ tẹ ìka níbi tí wọ́n ti ń gba ìwé físà. Tọkọtaya kì í pín fọ́ọ̀mù kan, méjì ni, fọ́ọ̀mù méjèèjì sì gbọ́dọ̀ bára mu: ọjọ́ kan náà, òtẹ́ẹ̀lì kan náà, iye owó kan náà, ẹni kan náà tó ń sanwó. Bí ọkọ bá kọ pé òun lòun ń gbé gbogbo ìnáwó, tí ìyàwó sì kọ pé ìdajì ni òun ń san, ẹ ti fún wọn nídìí láti ṣiyèméjì. Nítorí pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń lọ, wọ́n á fẹ́ rí ohun tó ń pè yín padà sílé: lẹ́tà ìsinmi láti ibi iṣẹ́ tó sọ ọjọ́ ìwọlé, ìwé ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, ìwé owó orí okòwò.

Ní ti owó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé yá owó jókòó sínú àkáǹtì. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta náírà, tí mílíọ̀nù méjìlá wá já lulẹ̀ sínú àkáǹtì rẹ̀ nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kó kọ̀wé, kí ló fẹ́ kí ẹni tó ń ka ìwé náà rò? Ibi tí owó ti wá ni wọ́n ń wò, kì í ṣe bó ṣe pọ̀ tó. Bí ẹ bá ta ilẹ̀, ẹ fi ìwé títà rẹ̀ sí i, kó ṣe déédéé pẹ̀lú iye tó wọlé. Bó bá jẹ́ owó àjọ, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ní orúkọ. Owó kékeré tó ní orírun sàn ju owó ńlá tí kò ní lọ.

Àwọn tó ń pe ara wọn ní ejẹ́ǹtì, tí wọ́n ń polówó "físà dájú," àwọn ni mò ń bá wí. Kò sẹ́ni tó lè ṣèlérí físà níta ọ́fíìsì tó ń fún ni. Àwa tí a kọ́ iṣẹ́ yìí, ìwé la ń bá èèyàn tò, ìlà dé ìlà, a kì í ta ìdánilójú. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má gbé páásípọ́ọ̀tù lọ síbi tí wọ́n á ti da òróró sí i. Ẹ gbàdúrà, ẹ gbààwẹ̀, kí ìwé náà wà nílé. Páásípọ́ọ̀tù tí òróró bá ti wọ ojú ìwé rẹ̀ ti bàjẹ́, wọ́n sì lè dá yín padà nítorí rẹ̀.

Èyí tó burú jù ni ìwé báǹkì ayédèrú. Báǹkì ni wọ́n ń bi léèrè. Bí wọ́n bá mú un pé ẹ fi irọ́ kọ̀wé, tàbí pé ẹ fi físà tí wọ́n kọ̀ fún yín rí pamọ́, ìjọba ìlú Ọba lè tì yín síta fún ọdún 10. Ọdún 10 yẹn kò sì dúró sí ìlú Ọba nìkan, nítorí fọ́ọ̀mù Kánádà náà ń béèrè bóyá orílẹ̀-èdè kankan ti kọ físà fún yín. Òfin wọn tún ní wọ́n lè kọ ìwé yín nítorí ayédèrú kódà bí ẹ kò bá mọ̀ pé ejẹ́ǹtì ló fi í sí i.

Nítorí náà, bí ẹlòmíràn bá ti bá yín kọ fọ́ọ̀mù, ẹ gba ọ̀rọ̀ aṣínà tí a fi ń ṣí fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́ onítọ̀hún lónìí. Ẹ wo íméèlì tó fi sí i, ṣé tiyín ni àbí tirẹ̀. Ẹ jọ jókòó, ọkọ àti ìyàwó, ẹ tẹ fọ́ọ̀mù méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ kà á láti òkè délẹ̀. Bí ẹ bá rí iṣẹ́ tí ẹ kò ṣe rí tàbí owó tí ẹ kò ní, ẹ fa ìwé náà padà kí wọ́n tó dáhùn. Bí ẹ kò bá tíì tẹ ìka, wọ́n á dá owó yín padà.