Bí Ẹ́ńjìnnì Jẹnẹrétọ̀ Kékeré Ṣe Lè Gbé Kẹ̀kẹ́ Ológeere

Láti ìgbà tí mo ti ń to ẹ́ńjìnnì mọ́ kẹ̀kẹ́ lẹ́yìnkùlé ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ń kọjá lọ sí Tákíé máa ń dúró bi mí. Ìdáhùn wọn nìyí.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ń pè ní “I pass my neighbour” lè gbé èèyàn lórí kẹ̀kẹ́?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, kò sì yẹ kó yà wá lẹ́nu, nítorí irú ọ̀nà yìí ni Soichiro Honda gbà bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Japan lọ́dún 1946, nígbà tí ó rí àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké tí àwọn ọmọ ogun fi ń pèsè iná fún rédíò wọn rà, tí ó sì dè wọ́n mọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ẹ kò kàn so ẹ́ńjìnnì mọ́ táyà ẹ̀yìn ní tààrà?

Ìdáhùn: Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ a máa yí ní nǹkan bí ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, táyà onínǹṣì 26 a sì máa rìn ju mítà 2 lọ díẹ̀ bí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí táyà bá ń bá ẹ́ńjìnnì yí lọ́gbọọgba, kẹ̀kẹ́ yóò rin mítà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí í ṣe kìlómítà 360 ní wákàtí kan. Ta ni yóò jókòó lé e? Kò tilẹ̀ ní sáré bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì náà kò lágbára tó láti ti èèyàn kúrò lójú kan lọ́nà yẹn. Ńṣe ni yóò kú. A ní láti dín yíyí rẹ̀ kù kí agbára tó fi ń tini lè pọ̀ sí i. Bí irin eléyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì bá ní eyín 10, tí ti táyà ẹ̀yìn sì ní 44, ti ẹ́ńjìnnì yóò yí ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ kí ti ẹ̀yìn tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn nìkan kò tó, nítorí náà a máa ń fi ìpele mìíràn tó jọ ọ́ sáàárín, títí táyà yóò fi máa yí lẹ́ẹ̀kan bí ẹ́ńjìnnì bá yí ní ìgbà 18. Kẹ̀kẹ́ yóò wá máa rin nǹkan bí kìlómítà 20 ní wákàtí kan, èyí tó tó èèyàn re ọjà.

Ìbéèrè: Bí mo bá dúró ńkọ́, ṣé ẹ́ńjìnnì kò ní kú?

Ìdáhùn: Yóò kú, àfi bí kílọ́ọ̀ṣì bá wà, ìyẹn ohun tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ táyà, tó sì ń tú wọn sílẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni irú tó máa ń so wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀ bí eré ẹ́ńjìnnì bá ti pọ̀, tí yóò sì tú wọn sílẹ̀ bí eré náà bá lọ sílẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣéènì mi ń já bọ́ ṣáá. Kí ni mo lè ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ wo irin eléyín méjèèjì láti ẹ̀yìn, kí ẹ rí i bóyá wọ́n wà lójú ìlà kan náà. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ díẹ̀, ṣéènì kò ní pẹ́ kó tó bọ́. Èmi fúnra mi ti fojú di í rí, ṣéènì sì kó sáàárín sípóòkì, ó di táyà ẹ̀yìn pa, ilẹ̀ ni mo bá ara mi.

Ìbéèrè: Búréèkì tó wà lára kẹ̀kẹ́ tẹ́lẹ̀ kò tó ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí búréèkì nílò láti fi dá kẹ̀kẹ́ dúró yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Búréèkì tó ń há ríìmù onírin máa ń yọ̀ gan-an bí òjò bá pa á, nítorí náà n kì í fi ẹ́ńjìnnì sí kẹ̀kẹ́ ẹnikẹ́ni tí kò bá kọ́kọ́ tún búréèkì iwájú àti tẹ̀yìn ṣe.

Ìbéèrè: Ṣé bẹntiróòlù lásán ni à ń bù sí i?

Ìdáhùn: Ó ti o. Ẹ́ńjìnnì yìí kò ní ibi tí à ń da ọ́ìlì sí lọ́tọ̀, inú epo ni ọ́ìlì ti ń dé ara rẹ̀. Mìlílítà 20 sí 40 ni à ń pò mọ́ lítà bẹntiróòlù kan. Bí ó bá kéré jù, písítìnì, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, yóò gbóná títí yóò fi há; bí ó bá pọ̀ jù, èéfín yóò bo àdúgbò, púlọ́ọ̀gì yóò sì dọ̀tí.