Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ọ̀rọ̀ ọmọ iléèwé tó ń halẹ̀ wò

Kì í ṣe iléèwé ni yíyẹ ìhàlẹ̀ wò, láti mọ̀ bóyá ẹni tó ń halẹ̀ máa ṣe é lóòótọ́, ti bẹ̀rẹ̀ o, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ ààrẹ Amẹ́ríkà ni, ìyẹn Secret Service. Láwọn ọdún 1990, Robert Fein àti Bryan Vossekuil tí wọ́n ń bá wọn ṣiṣẹ́ ṣa ìtàn èèyàn 83 jọ, àwọn tó ti kọ lu èèyàn ńlá tàbí tó ti gbé ohun ìjà sún mọ́ wọn, wọ́n wá rí i pé àwọn tó ń halẹ̀ kì í sábà ṣe é, àwọn tó sì fẹ́ ṣe é gan-an kì í sábà sọ fún ẹni tí wọ́n ń dọdẹ ẹ̀.

20 April 1999 wá dé, àwọn ọmọ méjì pa ọmọ iléèwé 12 àti tíṣà kan ní Columbine, iléèwé girama kan ní ìpínlẹ̀ Colorado. Ẹ̀rù ba gbogbo èèyàn, àwọn sùkúrù kan wá ń lé ọmọdé sílé torí pé ó fi ìka ṣe bí ìbọn.

Secret Service àti iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ bá jókòó ti ìkọlù 37 tó ṣẹlẹ̀ láwọn iléèwé láàárín 1974 sí 2000. Nígbà tí àbọ̀ ẹ̀ jáde ní 2002, ó hàn pé kò sí ìrísí kan tá a fi lè dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ̀, ẹlòmíì mọ̀wé, ẹlòmíì lọ́rẹ̀ẹ́ dáadáa. Àmọ́ nínú ìkọlù mẹ́wàá, ó lé ní mẹ́jọ tẹ́nì kan ti gbọ́ nípa ẹ̀ ṣáájú, ojúgbà wọn lẹni náà sì sábà máa ń jẹ́. Ibi tó dùn mí jù nìyẹn, pé ẹnì kan ti gbọ́.

Kí àbọ̀ yẹn tó jáde, ní 2001, Dewey Cornell, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Yunifásítì Virginia, ti ń sọ irú àyẹ̀wò yìí di nǹkan tí tíṣà lè lò. Ká ní ọmọ kan pariwo "màá pa ẹ́!" lórí pápá bọ́ọ̀lù, wọ́n á pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á bi í pé kí ló ní lọ́kàn, tínú ẹ̀ bá ti rọ̀ tó sì bẹ ẹnì kejì, ó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti dájọ́, tó ń wá ìbọn, tó ti sọ fọ́rẹ̀ẹ́ ẹ̀ pé kó má wá sí sùkúrù ní Thursday, ìyẹn ti kọjá ìbínú, kódà kó máa rẹ́rìn-ín, ẹ ò gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀.

Ní 2013, Virginia sọ ọ́ dòfin, àwọn ni ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́: gbogbo sùkúrù ìjọba gbọ́dọ̀ ní ìgbìmọ̀ tá a lè sáré gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ bá, agbaninímọ̀ràn, tíṣà, ọ̀gá iléèwé àti ọlọ́pàá, kó má jẹ́ pé pirinsípà nìkan lá á dá a rò.