Bí A Ṣe Ń Ka Orúkọ Èròjà Tó Wà Lẹ́yìn Ìpara àti Ọṣẹ

Iwájú ìgò ìpara ni wọ́n máa ń kọ ohun tó wù wọ́n sí: ara á dán, ara á jọ̀lọ̀, àwọn dókítà ti fọwọ́ sí i. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ ohun tí òfin sọ di dandan sí. Lójú tèmi, ẹ̀yìn yẹn ló yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ kà kó tó náwó. Lẹ́tà ibẹ̀ kéré, orúkọ ibẹ̀ gùn, ó sì le lẹ́nu, ọ̀pọ̀ kì í tiẹ̀ wò ó rárá. Bẹ́ẹ̀ ètò wà nínú rẹ̀, ẹni tó bá sì mọ ètò yẹn kò nílò ìmọ̀ kẹ́mísírì kó tó mọ ohun tó ń fi pa ara ọmọ rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe tò wọ́n. Èròjà tó pọ̀ jù lọ ló ń ṣáájú, èyí tó tún pọ̀ a tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí yóò fi kan àwọn tí kò tó ìdá 1 nínú 100. Láti ibẹ̀ lọ, ẹni tó ṣe ọjà náà lè to ìyókù bó ṣe wù ú, àwọ̀ ni wọ́n sì sábà máa ń kó sí ìparí. Bí òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti ọdún 2009 ṣe wí nìyẹn, ti Amẹ́ríkà náà sì jọ ọ́. Wọn kì í sábà kọ ìwọ̀n sí i, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan wà tí a lè dá. Ẹ wá phenoxyethanol. Ohun tó ń dènà kòkòrò àìfojúrí ni, Yúróòpù kò sì gbà kó ju 1% lọ nínú ọjà kankan. Nítorí náà, yàtọ̀ sí àwọ̀, ohun tí ẹ bá rí lẹ́yìn rẹ̀ nínú ọjà tó tẹ̀ lé òfin yẹn kò lè ju 1% lọ. Bí ìgò bá ya àwòrán ewé ńlá síwájú, tí omi ewé ọ̀hún wá ń bọ̀ lẹ́yìn phenoxyethanol, ẹ ti mọ bó ṣe kéré tó. Mi ò sọ pé gbogbo ohun tó kéré ni kò wúlò o. Retinol, tó jẹ́ irú fítámì A kan, àti sodium hyaluronate, tó ń fa omi mọ́ awọ ara, ń ṣiṣẹ́ gidi láì tó ìdá 1 nínú 100. Ṣùgbọ́n ewé àti èso tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, àwòrán iwájú ni wọ́n sábà máa ń tìtorí rẹ̀ fi wọ́n sí i.

Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ́ ló ń hùmọ̀ orúkọ wọ̀nyí. Ìlànà kan tó ń jẹ́ INCI ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ ń lò, kí ẹni tí ara rẹ̀ kọ ohun kan lè dá a mọ̀ níbikíbi tó bá ti ra ọjà. Aqua ni omi, Parfum ni lọ́fínńdà, èdè Látìn ni wọ́n sì fi ń pe igi àti ewé. Òrí ni Butyrospermum Parkii Butter. Òróró àgbọn ni Cocos Nucifera Oil. Elaeis Guineensis Oil ni epo ọ̀pẹ. Bí Kernel bá wà láàárín, àdín ni. Lára ọṣẹ, ẹ lè rí Sodium Palmate tàbí Sodium Tallowate. Epo ọ̀pẹ tó ti pàdé kọ́sítíìkì sódà tó sì di ọṣẹ ni ti àkọ́kọ́. Ọ̀rá ẹran ni wọ́n fi ṣe èkejì. CI tí nọ́ńbà tẹ̀ lé jẹ́ àwọ̀. Ẹni tí kì í lo ohun tó ti ara ẹ̀dá abẹ̀mí wá yóò fẹ́ mọ̀ pé ara kòkòrò ni wọ́n ti ń yọ CI 75470, àwọ̀ pupa tó máa ń wà nínú ohun tí wọ́n fi ń kun ètè.

Lẹ́yìn náà, kí ni iṣẹ́ kálukú wọn? Glycerin, urea àti sodium hyaluronate ń fa omi mọ́ awọ ara. Òróró ń mú kó rọ̀. Petrolatum, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní fasilíìnì, àti dimethicone ń bò ó bí ìdérí ìkòkò kí omi inú rẹ̀ má baà gbẹ lọ. Àwọn kan ń sá fún petrolatum nítorí pé inú epo rọ̀bì ló ti wá. Èyí tí wọ́n sẹ́ mọ́ dáadáa fún ìpara kì í sábà yọ awọ ara lẹ́nu, àwọn dókítà awọ ara sì máa ń ní kí ẹni tí ara rẹ̀ gbẹ tó ń là fi í pa ara, pàápàá kété lẹ́yìn ìwẹ̀.

Ọ̀rọ̀ alcohol náà ń da ọ̀pọ̀ láàmú. Cetyl Alcohol, Stearyl Alcohol àti Cetearyl Alcohol jẹ́ irú ọ̀rá kan tó ń dì. Wọ́n ń mú kí ìpara ki, wọ́n sì ń mú kí omi àti òróró dúró pọ̀ kí wọ́n má pínyà. Wọn kì í gbẹ ara. Alcohol Denat. ni èyí tó ń tutù lọ́wọ́ tó sì ń fẹ́ lọ lójú ẹsẹ̀. Bí òun bá wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, kí ẹni tí ara rẹ̀ gbẹ ṣọ́ra.

Ibi tí ìpayà ti pọ̀ jù, tí mo sì fẹ́ kí a dúró díẹ̀, ni ọ̀rọ̀ ohun tí kì í jẹ́ kí ìpara bàjẹ́. Ohun tí omi wà nínú rẹ̀, tí ìka sì ń wọ̀ lójoojúmọ́, kòkòrò àìfojúrí yóò fi ṣe ilé bí nǹkan kan kò bá dí i lọ́nà. Paraben ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn láti ọ̀rúndún tó kọjá. Lọ́dún 2004 ni ìwádìí kékeré kan jáde pé wọ́n rí paraben nínú kókó jẹjẹrẹ ọmú àwọn obìnrin kan. Ìwádìí náà kò sọ pé paraben ló fa àrùn náà, wọn kò sì fi ara tí kò ní àrùn wé e láti mọ̀ bóyá ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ba ayé. Ohun tí Yúróòpù ṣe ni pé wọ́n yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan: wọ́n gba methylparaben àti ethylparaben láàyè dé 0.4%, wọ́n dín propylparaben àti butylparaben kù sí 0.14%, wọ́n sì fòfin de márùn-ún mìíràn lọ́dún 2014, isopropylparaben àti isobutylparaben wà lára wọn.

Àwọn ilé iṣẹ́ tó fẹ́ kọ "kò sí paraben" síwájú ìgò ní láti fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ lo methylisothiazolinone. Kò pẹ́ tí àwọn dókítà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn tí ojú wọn wú, tí ọwọ́ wọn sì ń yún wọn. Lọ́dún 2013, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí awọ ara tí ohun ìlò ń bí nínú kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tó yẹ kí gbogbo èèyàn ṣọ́ra fún jù lọ́dún yẹn, Yúróòpù sì wá fòfin dè é nínú ìpara tí a kì í fi omi ṣan kúrò lára. Ó dùn mí pé ohun tí a ti mọ tinú tòde ni a sá fún lọ bá ohun tó ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn ní jàǹbá. Ìpara tó kún fún omi tí kò ní ohun ìdènà kankan ń bà mí lẹ́rù ju èyí tó ní methylparaben lọ. Òrí tàbí òróró lásán tí kò ní omi kò nílò irú ohun bẹ́ẹ̀. Tocopherol, ìyẹn fítámì E, ni wọ́n máa ń fi sí i kí òórùn rẹ̀ má baà yí padà.

Parfum, ní tirẹ̀, jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó lè kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ èròjà sínú. Ó wà lára ohun tó máa ń mú kí ara yún èèyàn jù lọ. Yúróòpù fi dandan lé e pé kí wọ́n dárúkọ àwọn kan nínú wọn, irú bíi linalool, limonene, geraniol àti eugenol, bí wọ́n bá ju 0.001% lọ nínú ìpara tó ń dúró lára. Àtúnṣe ọdún 2023 sọ àwọn tí wọ́n gbọ́dọ̀ dárúkọ di ohun tó lé ní 80. Òróró tí wọ́n fún láti ara òdòdó tàbí èèpo èso kò yọ sílẹ̀, nítorí inú wọn gan-an ni linalool àti limonene ti ń wá. Ẹ tún kíyè sí i pé ọjà tí wọ́n pè ní "unscented" lè ní lọ́fínńdà tó ń bo òórùn mìíràn mọ́lẹ̀. "Fragrance-free" ni ẹni tí ara rẹ̀ kò gba lọ́fínńdà ń wá.

Sodium Lauryl Sulfate ló ń mú ọṣẹ ìfọrí hó yeye. Kò fa jẹjẹrẹ bí wọ́n ṣe ń gbé e kiri, ṣùgbọ́n ó lè gbẹ ara. Sodium Laureth Sulfate rọ̀ jù ú lọ. Ohun yòówù kí ẹ rà, ẹ fi díẹ̀ pa ìgbúnwọ́ nínú ní ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, fún ọjọ́ 7 sí 10, kó tó kan ojú.

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ dá lórí pé òótọ́ ni wọ́n kọ sẹ́yìn ìgò. Àwọn ìpara tó ń bóra wà tí wọn kì í kọ òótọ́. Mẹ́kúrì wà nínú àwọn kan, kò sì sí orúkọ rẹ̀ lára ike. Níbi tí wọ́n bá ti kọ ọ́, ẹ lè rí calomel, mercurous chloride tàbí mercuric iodide. Ó ń ba kíndìnrín jẹ́, kì í sì í ṣe ara ẹni tó ń lò ó nìkan ló ń mọ sí: ọmọ tó fọwọ́ kan aṣọ tàbí táwẹ̀lì rẹ̀ lè kó o. Àdéhùn Minamata ti ọdún 2013, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ ṣe lórí mẹ́kúrì, ló bẹ̀rẹ̀ sí í lé e kúrò nínú ìpara àti ọṣẹ kárí ayé. Àwọn mìíràn ní hydroquinone, èròjà tó ń bó ara, tí Yúróòpù kò gbà nínú ìpara mọ́, tí Amẹ́ríkà sì sọ di ohun tí dókítà nìkan lè kọ fúnni láti ọdún 2020, tàbí clobetasol propionate, oògùn líle tó ń mú awọ ara fẹ́lẹ́.

Ìpara tí kò ní orúkọ èròjà lára rárá, tó sì ń ṣèlérí pé ara yóò pupa láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ má fi kan ara. Bí ẹ bá ti ń lo èyí tí ẹ fura pé mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ fọ ọwọ́ dáadáa, ẹ dì í sínú náílọ̀n pinpin, kí ẹ sì mú un lọ han dókítà. Ẹni tó ti fi clobetasol pa ara fún oṣù púpọ̀ yóò lọ rí dókítà kó tó dá a dúró, nítorí bí ó bá já a lójijì, ara lè gbóná, kó pọ́n, kó sì máa ta á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.