Mọ́tò tó yí padà kò sí nínú ìwé

Ẹ wo ibi ìfọmọ́tò kékeré kan. Mọ́tò kan ṣoṣo ni wọ́n ń fọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ààyè mẹ́ta sì wà fún àwọn tó ń dúró. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 4. Ẹni tó bá dé tó rí i pé ibẹ̀ ti kún, ṣe ló máa kọjá lọ, owó rẹ̀ á sì bá a lọ.

Ká ní mọ́tò 4 ló ń dé ní wákàtí kan, tí fífọ ọ̀kan ń gba bí ìṣẹ́jú 12. Ó túmọ̀ sí pé 5 lẹ lè fọ̀ ní wákàtí kan. Ẹ fi 5 pín 4, ó di 0.8. Ẹ kọ 1 sílẹ̀, kí ẹ wá máa fi 0.8 sọ ọ́ di púpọ̀ títí tí ẹ ó fi ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin: 1, 0.8, 0.64, 0.512, 0.4096. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ 3.36. Ẹ fi 3.36 yìí pín èyí tó kẹ́yìn, ẹ ó rí 0.12. Nínú 100 mọ́tò, 12 ló ń yí padà.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, 4 ló ń wá, 5 lẹ lè fọ̀! Ní wákàtí kan náà, rọ́bà omi yín máa wà nílẹ̀ láìṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 18. Mọ́tò kì í dé létòlétò ni: mẹ́ta lè ya dé pọ̀, kó tún tó ogójì ìṣẹ́jú kí òmíràn tó yọjú. Fífọ̀ náà kì í dọ́gba, torí jíìpù tó ti oko bọ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ mọ́tò tí eruku kàn bà lé. Bí gbogbo rẹ̀ bá ń gba ìṣẹ́jú 12 géérégé, àdánù náà á dín kù.

Ọ̀pọ̀ á ní kí wọ́n fẹ ààyè sí i. Ẹ fi méjì kún un: àwọn tó ń yí padà á di bí 7 nínú 100, àmọ́ ìṣẹ́jú 27 tí oníbàárà ń lò lọ́dọ̀ yín á di 34. Ẹ wá fi ààyè sílẹ̀ bó ṣe wà, kí fífọ̀ di ìṣẹ́jú 10: bí 8 ló máa yí padà, oníbàárà á sì lo ìṣẹ́jú 20 péré. Rọ́bà omi tó lágbára ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ tó ra ilẹ̀. Ní Sátidé tí 8 bá ń dé ní wákàtí kan, ilẹ̀ tó fẹ̀ bíi pápá bọ́ọ̀lù ò lè gbà yín: 3 nínú 8 á ṣáà lọ.

Ibi tí ìṣirò ti ń bàjẹ́ jù ni ìwé àkọsílẹ̀. Àwọn tí ẹ fọ mọ́tò wọn nìkan ló wà níbẹ̀, ìyẹn 3.5 ní wákàtí kan dípò 4. Ẹ fi 3.5 ṣe é, ìṣirò á ní 9 nínú 100 ló ń yí padà. Ẹ fi ọmọ kan sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bírò, kó máa fa ìlà kan fún gbogbo mọ́tò tó dẹ̀rìn tó sì kọjá. Kí ìwé Sátidé dá wà lọ́tọ̀.