Lindy Ruff: ṣé ẹni tí wọ́n lé ló tún padà dé yìí?

Lọ́jọ́ 22 oṣù kẹrin 2024 ni Buffalo Sabres, kílọ́ọ̀bù hockey orí yìnyín l'Amẹ́ríkà, kéde pé Lindy Ruff ni kóòṣì àwọn, làwọn èèyàn bá ń bi mí pé ṣé kì í ṣe ìròyìn àtijọ́ ni.

Ṣé kì í ṣe àwọn náà ló lé e tẹ́lẹ̀?
Àwọn náà ni, ní 2013.

Ṣé òun fúnra ẹ̀ gbá a rí?
Dáadáa. Ọmọ Alberta ní Kánádà ni, Buffalo mú un ní 1979, ó ń gba ẹ̀yìn, wọ́n tún máa ń tì í síwájú lápá òsì, títí ó fi di balógun wọn. Góòlù 105 ló jẹ, àmọ́ ìṣẹ́jú tí wọ́n fi lé e jókòó torí pé ó rú òfin lé ní 1,200. Ẹ má bi mí bóyá oníwà tútù ni.

Kí lọ̀rọ̀ Dallas tí wọ́n ń sọ?
Há à! Oṣù kẹfà 1999, Ruff ti di kóòṣì, ó gbé Buffalo dé fáínà Stanley Cup, ìyẹn ife ẹ̀yẹ líìgì wọn, Dallas Stars ló kojú wọn, eré kẹfà wọ àfikún àsìkò ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó ti rẹ gbogbo èèyàn, ni Brett Hull bá ti puck, ìyẹn róbà dúdú pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá, wọlé. Ẹ wo fídíò ẹ̀ o: ẹsẹ̀ òsì ẹ̀ ti wà nínú ibi tí wọ́n kùn ní búlúù níwájú ilé. Òfin ìgbà yẹn ni pé ẹsẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣáájú puck wọbẹ̀, àmọ́ líìgì ní puck ò tíì kúrò níkàáwọ́ Hull látìgbà tó ti kọ́kọ́ gbá a, torí náà góòlù ni. Ará Buffalo ò gbà dòní. Nígbà tí Buffalo wá lé Ruff ní 2013, ta ló gbà á síṣẹ́? Dallas! Ẹni tó nà ẹ́ ló tún ń sanwó oṣù ẹ.

New Jersey ńkọ́?
Ó ṣe kóòṣì New Jersey Devils náà. Ní 2022 àwọn fáànù ibẹ̀ pariwo pé kí wọ́n lé e, oṣù kan lẹ́yìn ẹ̀ tíìmù ń wọlé léraléra, ni wọ́n bá ń kọrin "má bínú, Lindy". Wọ́n ṣì padà lé e ní oṣù kẹta 2024.

Ṣé ọmọ wa kankan wà ní Buffalo?
Kyle Okposo, tí bàbá ẹ̀ wá láti Nàìjíríà, ló jẹ́ balógun wọn tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó lọ sí kílọ́ọ̀bù Florida lóṣù kẹta 2024, kí Ruff tó dé.

Ẹni ọdún 64 ni nígbà tí wọ́n gbà á ní 2024, ṣé kò ti dàgbà jù?
Òun kọ́ ló máa sáré lórí yìnyín.

Ṣé kí n ta tẹ́tẹ́ pé wọ́n á wọ playoff, ìyẹn ìdíje àwọn tó mókè ní líìgì láti du ife?
Nígbà tí wọ́n gba Ruff padà ní 2024, 2011 ni wọ́n ti wọ̀ ọ́ kẹ́yìn, Ruff náà ló sì kó wọn débẹ̀. Tó bá jẹ́ owó iléèwé ọmọ ni, ẹ fi sápò.