Ṣé gbogbo ẹja onírùngbọ̀n ló fẹ́ràn ẹrẹ̀?

Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ààyè àrọ̀ ní Òyìngbò. Ẹja kún báàfù dẹ́nu, omi ti dúdú, síbẹ̀ wọ́n ń jùrù. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ará Èkó ti gbà pé ọmọ ẹrẹ̀ ni gbogbo ẹja onírùngbọ̀n, pé kò sómi tó lè pa wọ́n.

Ẹ wo àrọ̀ yẹn dáadáa, ẹ ó rí i tó ń yọ ẹnu sókè lemọ́lemọ́. Ó ní ẹ̀yà kan nínú orí tó fi ń lo afẹ́fẹ́ òkè nígbà tí ti inú omi bá ti tán. Èémí ló ń wá, ìdọ̀tí ò dùn mọ́ ọn. Àwọn tó ń sìn ín mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn kì í fi pípààrọ̀ omi ṣeré.

Àwọn ìbátan rẹ̀ kan ò ní irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀. Odò tó ń já wálẹ̀ láàrin àpáta nilé wọn, níbi tí omi ti ń fọ́ mọ́ òkúta tó sì ń kó afẹ́fẹ́ wọlé. Nílẹ̀ Áfíríkà, ìdílé Amphiliidae wà níbẹ̀, pẹ̀lú Chiloglanis tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí Synodontis, ẹja onírùngbọ̀n mìíràn. Ní Éṣíà, Glyptothorax ni. Ẹ da irú wọn sínú báàfù yẹn, wọn ò ní pẹ́ kú.

Bí wọ́n ṣe ń dúró ló wù mí jù. Ètè Chiloglanis so pọ̀ yípo, òun ló fi ń fa ara mọ́ òkúta. Odò á máa gbá a, òun á dì í mú bíi kọ́ńdọ́ lẹ́nu dánfó lórí Third Mainland. Awọ àyà tó hunjọ ni Glyptothorax fi ń ṣe tirẹ̀. Àpò afẹ́fẹ́ tó ń mú ẹja léfòó sì ti kéré gan-an lára òun àti àwọn Amphiliidae: ẹja tó bá léfòó níbẹ̀, odò ti gbé e lọ nìyẹn.

Ẹ̀bi ará Èkó kọ́ o. Iyanrìn àti àbàtà nilẹ̀ wa. Odò Ògùn tó ti ìtòsí Ṣakí wá gan-an ti rọ̀ kó tó dé ọ̀sà.

Irú ìgbàgbọ́ yìí náà làwọn kan fi ń ta ẹja inú gíláàsì, Loricariidae ẹlẹ́nu fífà láti Gúúsù Amẹ́ríkà, pé yóò jẹ gbogbo ìdọ̀tí, kẹ́ ẹ má wulẹ̀ pààrọ̀ omi. Ohun aláwọ̀ ewé tó ń hù yọ̀bọ̀ lára òkúta lọ̀pọ̀ wọn ń há jẹ. Wọn kì í jẹ ìgbẹ́ ẹja, tiwọn sì pọ̀ jọjọ.